Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ilé ní ìkọ́lé tí kì í ba àyíká jẹ́

Ẹni tó ti ń kọ́lé láti ọjọ́ pípẹ́ kò dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sílé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Bí ẹ̀kọ́ ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò kò bá dé ọwọ́ yẹn, kò tíì dé ibì kankan.

Fún àwọn ayàwòrán ilé, ẹnjiníà àti alábòójútó iṣẹ́, ìwé ni ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń tọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni LEED, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa fi díwọ̀n bí ilé ṣe bá àyíká mu tó. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé-ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, Green Associate, yóò dáhùn ìbéèrè 100 láàárín wákàtí 2, ó sì gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán máàkì 170 nínú 200. Lẹ́yìn náà, yóò máa fi wákàtí 15 kẹ́kọ̀ọ́ sí i láàárín ọdún méjì-méjì. Èyí bójú mu, torí ohun èlò àti òfin ìkọ́lé kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó yege ìdánwò ló ń to búlọ́ọ̀kù.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti ń wọni lára ni yàrá ìdánrawò. Nínú ìkọ́lé Passivhaus, ìyẹn ọ̀nà ìkọ́lé tí ilé fi ń lo iná díẹ̀ gan-an láti móoru tàbí láti tutù, tí ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ parí ní Darmstadt ní Jámánì ní 1991, afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa jò gba ara ilé. Láti dán èyí wò, wọ́n á fi fáànù fa afẹ́fẹ́ jáde títí ìyàtọ̀ agbára afẹ́fẹ́ inú àti ti òde á fi di 50 pascal. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ojú ihò wọlé láàárín wákàtí kan kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 0.6 èyí tó kún inú ilé lọ. Kíkà á lásán kò lè yé èèyàn. Nítorí náà, wọ́n á ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn kọ́ igun ilé kékeré kan, pẹ̀lú fèrèsé, páìpù àti wáyà iná, kí wọ́n sì dí gbogbo ojú ìjò. Wọ́n á tan fáànù, wọ́n á gbé èéfín sún mọ́ ògiri. Ibi tí èéfín bá ti ń mì, ihò wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn tán.

Èéfín yẹn máa ń tú u fó pé ẹ̀bi kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan. Bíríkìlà rẹ́ ògiri dáadáa, oníná dé lẹ́yìn rẹ̀, ó lu ihò wáyà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí oníná, púlọ́ńbà, káfíńtà àti bíríkìlà jókòó sínú kíláàsì kan náà.

Ti síméǹtì náà gba àlàyé. Ṣíṣe síméǹtì ló ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gáàsì kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run. Kì í ṣe epo tí wọ́n fi ń dáná nìkan ló ń fà á. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ń tú gáàsì náà nígbà tí iná bá mú un. Wọ́n wá ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ láti fi eérú èédú ilé-iṣẹ́ amúnáwá, tàbí ìdàrọ́ irin tí wọ́n lọ̀ kúnná, rọ́pò díẹ̀ nínú síméǹtì. Kọnkéré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pẹ́ kó tó le. Bí olùkọ́ kò bá sọ èyí, wọ́n á tètè tú pákó kúrò, wọn ò sì ní bomi rin ín pẹ́ tó. Bó bá sán, ohun èlò tuntun ni wọ́n máa dá lẹ́bi.



Lẹ́yìn kíláàsì, olùkọ́ tó mọṣẹ́ á tẹ̀lé wọn dé ibi iṣẹ́ gidi. Wọ́n á fi fáànù dán ilé náà wò kí wọ́n tó bo ibi tí wọ́n dí, torí ihò tí ojú ṣì rí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ àti téépù lọ. Bí wọ́n bá ti bò ó tán, àfi kí wọ́n fọ́ ògiri.