Ilé-ẹ̀kọ́ orin tí wọ́n kọ́ sí àgbàlá ọ́kẹ́sírà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ orin Leipzig ṣe di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Jámánì, Gewandhaus ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé àwọn oníṣòwò aṣọ ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Láti 1781 ni wọ́n ti ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀, ọ́kẹ́sírà tó ń lò ó sì gba orúkọ ilé mọ́ra. Felix Mendelssohn, gbajúmọ̀ olùṣẹ̀dá orin, di olùdarí ọ́kẹ́sírà náà ní 1835.

Owó ogún ni wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí Heinrich Blümner, amòfin kan ní Leipzig, kú ní 1839, ó fi 20,000 thaler (owó Jámánì ayé ìgbà náà) sílẹ̀ kí ọba Saxony, ìjọba tí Leipzig wà lábẹ́ rẹ̀, ná an sórí iṣẹ́ ọnà tàbí ìmọ̀. Mendelssohn ló bẹ ọba pé kí owó náà di ti orin. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní April 1843, nínú àgbàlá Gewandhaus gan-an.

Àǹfààní ńlá ni ibùdó yẹn. Ferdinand David tó ń kọ́ni ní fáyólíìnì, òun náà ló ń ṣáájú àwọn onífáyólíìnì nínú ọ́kẹ́sírà. Ẹni tó ń tún ìka ọmọ ṣe lọ́sàn-án, òun lọmọ náà máa gbọ́ lórí ìtàgé lálẹ́.

Nínú kíláàsì, wọn kì í dá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀kan á jókòó sídìí píánò, àwọn yòókù á dúró de tiwọn. Bó bá ṣìṣe, olùkọ́ á dá a dúró, á ní kó tún un tẹ̀. Kó tó kan ẹlòmíì, etí onítọ̀hún ti mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ọgbọ́n ètò náà wà níbí: etí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́, ọwọ́ tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn tún gbọ́dọ̀ kọ́ bí ohùn ṣe ń bá ohùn rìn lọ́dọ̀ Moritz Hauptmann. Wọ́n gba obìnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tiwọn nípa èyí kúrú ju ti ọkùnrin lọ, kò sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ètò náà kò bá gbogbo ọmọ lára mu. Edvard Grieg, tó padà di gbajúmọ̀ olùṣẹ̀dá orin, dé láti Norway ní 1858, ọmọ ọdún 15. Ìdárayá ìka tí Louis Plaidy, olùkọ́ píánò rẹ̀, ń fún un sú u pátápátá, ló bá lọ bá olùdarí pé kí wọ́n yí olùkọ́ òun padà. Wọ́n yí i.

Ní 1887, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Grassistrasse, nítòsí Gewandhaus kejì tí wọ́n ṣí ní 1884. Nítorí pé ìdílé Júù ni wọ́n bí Mendelssohn sí, ìjọba Násì kò fẹ́ ìrántí rẹ̀. Wọ́n gbé ère rẹ̀ kúrò níwájú Gewandhaus ní 1936. Bọ́ǹbù ba Gewandhaus yẹn jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà níbi tó wà, wọ́n sì fi orúkọ Mendelssohn pè é ní 1972. Títí dòní, àwọn olórin Gewandhaus ń kọ́ni níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ń jókòó tì wọ́n nínú ọ́kẹ́sírà náà, wọ́n jọ ń ṣeré.