Ṣé torí pé àwọ̀ kọjá ìlà, ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ aṣọ yẹn?

Ó ti sú mi, mi ò ní purọ́. Ẹ mọ àwòrán Paisley yẹn, èyí tó dà bíi mángòrò tí wọ́n tẹ ẹnu ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Tí wọ́n bá ti gbé e jáde báyìí, ẹnì kan á ṣáà ní "wo bí pupa ẹ̀ ṣe kọjá ìlà, ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ o." Owó á sì lọ sókè.

Ti pé ìlú kan ní Scotland ló fún un lórúkọ, tí àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ń wo ṣọ́ọ̀lù Kashmir hun tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ìyẹn ò mú ìjà wá. Àṣìṣe ara aṣọ yìí lọ̀rọ̀ wà.

Lóòótọ́, àwọn tó ń fi òǹtẹ̀ onígi ṣiṣẹ́ ní Bagru àti Sanganer, lẹ́bàá Jaipur ní Íńdíà, àṣìṣe ò lè ṣàì wọ̀ ọ́. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ tiẹ̀, wọ́n á kì í bọ aró, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fọwọ́ gbá a gbì, wọ́n á tún sún síwájú, títí aṣọ á fi tán.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ò lójú ni? Á ya fọ́tò òǹtẹ̀ náà tòun tàṣìṣe ẹ̀, ẹ̀rọ á wá máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní yáàdì yáàdì. Ẹ bi àwọn aládìrẹ Ìtòkú l'Ábẹ̀òkúta, ojú wọn ti rí ti ẹ̀rọ Ṣáínà.

Wọ́n á ní tí àlébù kan náà bá wà lára gbogbo mángòrò, ẹ̀rọ nìyẹn. Rárá o! Òǹtẹ̀ tí igi ẹ̀ bá ti ṣán níbì kan, gbogbo ibi tó bá balẹ̀ sí ló máa gbé ojú ṣíṣán yẹn sí. Èyí tí kò lè bára mu gẹ́lẹ́ ni bí aró ṣe ki tó àti ibi tí pupa ti fi ìlà sílẹ̀, torí ọwọ́ ló ń ṣèyẹn, kì í ṣe igi. Tí ìyẹn náà bá wá ń bára mu lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, hmm.

Tí kò bá sì bára mu, bóyá ọwọ́ ni. Bóyá. Ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ní ká máa yí wò ò tẹ́ mi lọ́rùn, aró ẹ̀rọ náà lè mu dé ẹ̀yìn.

Ẹ ṣáà ní kí wọ́n tẹ́ ẹ gbọọrọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó ká a mọ́wọ́, tó ń fi igun kan ṣoṣo hàn yín, ẹ bi í pé ìyókù ńkọ́.