Máàkì IELTS: Bí 7 Ṣe Lè Má Tó Fún Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Mú 6.5 Wá

Bí èsì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó fẹ́ lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ lókè òkun, bá jáde, ìbéèrè tí ẹ máa gbọ́ ní àwọn ilé lẹ́sìnnì Sábó, n'Ìkòròdú, ni "Èló lo mú?" Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń fi dáhùn: "Mo mú 7." Nọ́ńbà márùn-ún ló wà lórí ìwé èsì náà o. Ìtẹ́tísílẹ̀ ní tiẹ̀, ìwé kíkà ní tiẹ̀, ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ náà ní tiwọn. Ìkarùn-ún ni àpapọ̀. Band ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 9, ìdajì-ìdajì ló sì ń gùn: 5.5, 6, 6.5. Kò sẹ́ni tó yege, kò sẹ́ni tó fìdí rẹmi. Yunifásítì tí èèyàn fẹ́ lọ ló ń sọ iye tí òun fẹ́.

Láti mọ àpapọ̀, ẹ ro nọ́ńbà apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ fi 4 pín in. Bó bá parí sí .25, wọ́n á gbé e sókè sí .5; bó bá dé .75 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gbé e sí odidi tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó mú 6.5, 6.5, 6 àti 6 ní 25. Bí a bá pín in, 6.25 ni, 6.5 ló máa bá lórí ìwé. Ẹni tó mú 6.5 kan péré, tí mẹ́ta yòókù jẹ́ 6, 6.125 ni tiẹ̀; 6 ni wọ́n máa kọ fún un. Bí ìyá onígàárì ṣe ń fi èènì sórí kóńgò nìyẹn: ẹni tí tiẹ̀ kò bá dé ojú ìwọ̀n, kò rí èènì gbà.

Àmọ́ èènì kì í wọ inú apá kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹnì kan mú 8 nínú ìtẹ́tísílẹ̀, 7 nínú ìwé kíkà, 5.5 nínú ìwé kíkọ, 7 nínú ọ̀rọ̀ sísọ. 27.5 ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá pín in, 6.875, ìyẹn 7. Yunifásítì ní 6.5 lòun fẹ́, "kí ìkankan má sì dín ní 6." 5.5 yẹn ti bà á jẹ́. Gbólóhùn kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í kà dáadáa kí wọ́n tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè 40 ló wà nínú ìtẹ́tísílẹ̀, 40 nínú ìwé kíkà, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, nítorí náà ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo. Nínú ìdánwò Academic, ìyẹn èyí tó wà fún àwọn tó ń lọ yunifásítì, bí 30 nínú 40 máa ń bọ́ sí 7, bí 23 sí 6. Ó lè yẹ̀ díẹ̀ láti ìwé ìdánwò kan sí òmíràn.

Nínú ìtẹ́tísílẹ̀, lẹ́tà "s" lè jẹ àwa Yorùbá ní máàkì. Ìwé kan, ìwé mẹ́wàá: ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà lẹ́nu wa, etí wa kì í sì dúró de ìparí ọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "tickets", tí ẹ kọ "ticket", òfo ni. Kò sí ìdajì máàkì. Ẹni tó kọ "accomodation" pẹ̀lú m kan náà kò rí nǹkan gbà. Bí wọ́n bá sì ní kí ìdáhùn má ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, "the red car" ti kọjá òté.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìwé kíkọ, wákàtí kan sì ni àkókò rẹ̀. Àkọ́kọ́, nínú ìdánwò Academic, ẹ ó ṣàlàyé gíráàfù tàbí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ní ọ̀rọ̀ 150. Èkejì, àròkọ ọ̀rọ̀ 250. Ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ ni èkejì wọ̀n. Ẹni tó lo ogójì ìṣẹ́jú lórí gíráàfù, tó mú 7 níbẹ̀, tó wá kánjú kọ àròkọ, tó mú 5: 7 pẹ̀lú 5 lọ́nà méjì, 17, ẹ fi 3 pín in, kò dé 6. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò, ọgbọọgba sì ni wọ́n: ṣé o dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ rẹ so pọ̀, báwo ni ọ̀rọ̀ tí o mọ̀ ṣe pọ̀ tó, báwo ni gírámà rẹ ṣe rí. Àròkọ àkọ́sórí máa ń ṣubú níbi àkọ́kọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ sísọ kò ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ. Pé ohùn Yorùbá wà lẹ́nu yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má fìmú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó. Ibi tó ti ń di wàhálà ni bí "ship" àti "chip", tàbí "eat" àti "heat", bá jáde bákan náà, tí olùdánwò ò mọ èyí tí ẹ ń wí.

Ẹni tí èsì rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn lè ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ ìdánwò. Ó máa sanwó, wọ́n á sì dá owó náà padà bí band rẹ̀ bá yí. Bó bá jẹ́ ìdajì band ló kù nínú ìwé kíkọ tàbí ọ̀rọ̀ sísọ, níbi tó jẹ́ pé èèyàn ló ń fúnni ní máàkì, ó tó ohun tí èèyàn lè dán wò. Bó bá jẹ́ band méjì, kó fowó yẹn kún owó ìdánwò mìíràn.