Bí a ṣe ń yọ kábọ́nù àti ọ́ìlì dídì kúrò lára písítọ̀nù alumíníọ́ọ̀mù láì jẹ irin náà

Bí a bá ṣí ìdérí sílíńdà alùpùpù zémidjan kan, ìyẹn alùpùpù akérò ní Bẹ̀nẹ̀, tó ti ń ná ọ̀nà Ouando sí Adjarra láti ọjọ́ pípẹ́, orí písítọ̀nù, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, á dúdú bí ìdí ìkòkò orí iná igi. Ní ilé ìdáná Àjàṣẹ́, eérú, yanrìn àti kànìnkànìn ni wọ́n fi ń bó irú dúdú bẹ́ẹ̀, ìkòkò a sì tún máa dán. Ìbátan ni ìkòkò àti písítọ̀nù lóòótọ́, nítorí alumíníọ́ọ̀mù ni àwọn méjèèjì, písítọ̀nù tó ti kú sì wà lára àjákù irin tí àwọn tó ń da ìkòkò máa ń yọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò kò ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ bá mu. Bí eérú bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ lójoojúmọ́, ọbẹ̀ kò ní mọ̀. Písítọ̀nù ní tirẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà ni wọ́n fi ń wọn àlàfo tó wà láàárín òun àti sílíńdà, ohun tó bá sì fò kúrò lára rẹ̀ kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Ibi méjì ni ẹ̀gbin náà ti ń wá. Èkíní ni epo tí kò jóná tán, bóyá nítorí pé eruku pupa ìgbà ọyẹ́ ti dí àsẹ́ afẹ́fẹ́, bí ó ti ń rí lápá Kétu, tàbí nítorí pé ẹnìkan ti fi kẹrosíìnì lú kpayo, epo mọ́tò fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà nínú ìgò. Èkejì ni ọ́ìlì, èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì tó ti jẹ, òrùka irin tó yí písítọ̀nù ká, gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì tó ń mu epo àpòpọ̀ tí àwọn olùtà ẹ̀bá ọ̀nà ń pè ní mélange, ọ́ìlì kò tilẹ̀ nílò láti yọ́ wọlé, inú epo gan-an ni wọ́n bù ú sí. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò ju bíi 20 mílílítà ọ́ìlì sí lítà epo kan lọ, nítorí náà ẹni tó ní kí wọ́n ṣe ènì ọ́ìlì fún òun, kábọ́nù ló fowó rà. Ooru á wá sè é. Á kọ́kọ́ lẹ̀ bí oje igi, ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà á gbẹ, á sì le bí èépá.

Ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́ ló ń sọ irú ìbàjẹ́ tí yóò ṣe. Èyí tó wà lórí písítọ̀nù ń dín àyè tí epo ń gbà jóná kù, ó sì ń mú ooru dání, débi pé ibì kan lára rẹ̀ lè pọ́n bí ẹyin iná kí ó sì tan epo kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé. Ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnì máa ń kan kọ́kọ́kọ́ tí a bá ń gun òkè. Èyí tó wọ inú yàrà ríìngì burú jù ú lọ, bí ojú kò tilẹ̀ tètè rí i. Ríìngì gbọ́dọ̀ lè fẹ̀ kó sì sún kí ó tó lè fara ti ògiri sílíńdà. Bí kábọ́nù bá ti dè é mọ́ inú yàrà, èéfín gbígbóná á máa jò sísàlẹ̀, ọ́ìlì á máa gòkè, sàlẹ́ńsà á sì máa tú èéfín tó ní àwọ̀ aró.

Ohun tó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ṣíṣọ́ra ni pé irin tí a ń fọ̀ rọ̀, ẹ̀gbin tó wà lára rẹ̀ sì le. Yàtọ̀ sí èyí, alumíníọ́ọ̀mù ní ọ̀tá kan tí irin dúdú kò ní, èyí ni sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń fún alumíníọ́ọ̀mù ní awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dáàbò bò ó. Sódà á kọ́kọ́ jẹ awọ yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin gan-an. Bí a bá ju písítọ̀nù sínú omi sódà, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kì í sì í ṣe ẹ̀gbin ló ń hó yẹn. Gáàsì háídírójìn ló ń tú jáde, èyí tó lè gbiná, bí irin náà ti ń yọ́ sínú omi. Nígbà tí a bá fà á jáde, ara rẹ̀ á ti ṣú, á sì rí háríhárí, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ písítọ̀nù, bíi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù, sódà ti jẹ alumíníọ́ọ̀mù ojú rẹ̀, sílíkọ́ọ̀nù ló ṣẹ́kù síta. Omi eérú tí àwọn aṣeọṣẹ ń sẹ́ wà nínú ìdílé kan náà pẹ̀lú sódà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń tà fún fífọ ààrò onígáàsì, kódà tí wọn kò bá kọ orúkọ sódà gàdàgbà sí ara agolo.

Iná kò sì ṣe é lò. Àwọn kan máa ń fẹ́ iná gáàsì sí i kí kábọ́nù lè jó dànù. Irin dúdú máa ń pọ́n, kí ó tó bàjẹ́ ojú á ti rí i, ṣùgbọ́n alumíníọ́ọ̀mù kì í fún ènìyàn ní àmì bẹ́ẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù lásán ń yọ́ ní ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí wọ́n fi ń ṣe písítọ̀nù ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kí ó tó dé ibẹ̀, agbára rẹ̀ á sì ti dín kù tipẹ́ ṣáájú kí ó tó yọ́.

Rírẹ ni ìdáhùn. Wọ́n á gbé písítọ̀nù sínú agolo kan, wọ́n á da kẹrosíìnì tàbí gasoil, ìyẹn dísù, bò ó, wọ́n á sì dé e mọ́jú, bí ó bá sì ti pẹ́ jù, ó lè lo ọjọ́ méjì. Ẹni tó ti Èkó tàbí Abẹ́òkúta wá ní láti fetí sílẹ̀ níbi tó ti fẹ́ ra èyí, nítorí Faransé ló ń sọ epo lórúkọ ní ìhà yìí: kẹrosíìnì ni wọ́n ń pè ní pétrole, epo mọ́tò sì ni essence. Bí ó bá béèrè pẹtiróòlù, wọ́n lè bu kẹrosíìnì fún un, èyí kò sì ní pa á lára. Àṣìṣe tó léwu ni kí ó gba essence wálé, kí ó sì gbé e kalẹ̀ nítòsí àdògán.

Nígbà tí ẹ̀gbin bá ti rọ̀, orí písítọ̀nù ni wọ́n ń kọ́kọ́ ha. Ọparun tí a là tí a sì gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹrẹsẹ ló dára jù, nítorí pé ó le ju kábọ́nù tó ti rọ̀ lọ, kò sì lè gé alumíníọ́ọ̀mù. Ọ̀bẹ àti ojú sukurudẹ́rífà ń fi ilà sílẹ̀, etí ilà bẹ́ẹ̀ sì ni ooru máa ń kó jọ sí. Àmì ọfà tàbí lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ parẹ́, òun ló ń sọ apá tó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí epo ń gbà wọlé tàbí sí ìhà sàlẹ́ńsà.

Inú yàrà ríìngì ni sùúrù ti ń tán. Wọ́n á ṣẹ́ ríìngì àtijọ́ sí méjì, ríìngì tó jáde láti inú yàrà yẹn gan-an, nítorí pé ó bá a mu ní fífẹ̀. Wọ́n á fi fáìlì gún ẹnu rẹ̀ kó tẹ́, wọ́n á fi àkísà wé apá tí ọwọ́ yóò dì mú, wọ́n á sì máa fà á yípo inú yàrà láì tì í mọ́lẹ̀. Kábọ́nù á máa jáde bí ẹ̀ẹ́rún àkàrà. Ibi tí ojú irin bá ti ń dán fírífírí ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Bí ríìngì tí a ṣẹ́ bá ti ń yọ ìyẹ́ funfun, alumíníọ́ọ̀mù ló ń gé, yàrà sì ti ń fẹ̀ nìyẹn. Nínú yàrà ìsàlẹ̀, tí ríìngì ọ́ìlì ń gbé, àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan wà tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀. Igi ìtayín tàbí wáyà bàbà ni wọ́n fi ń là wọ́n, nítorí bí àwọn ihò yẹn bá dí, ẹ́ńjìnì á tún máa mu ọ́ìlì, bí ríìngì tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ara písítọ̀nù láti abẹ́ yàrà lọ sísàlẹ̀ kò nílò ju àkísà àti kẹrosíìnì lọ. Àwọn ilà tínínrín tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àléébù, ilé-iṣẹ́ ló gé wọn sí i kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró sí, písítọ̀nù mìíràn sì ní ọ̀dà dúdú kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún. Sáńpépà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ń pa méjèèjì rẹ́, yanrìn sáńpépà a sì tún máa rì sínú irin rírọ̀ náà, kí ó wá máa ha sílíńdà lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wínníwínní lu irin ń fi orí písítọ̀nù hàn bíi tuntun, ṣùgbọ́n àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn máa ń há sínú yàrà àti sínú ihò.

Omi gbígbóná àti ọṣẹ abọ́ ló ń kẹ́yìn iṣẹ́ fífọ̀. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, wọ́n á mú ríìngì tuntun, wọ́n á fi etí rẹ̀ òde kanlẹ̀ sínú yàrà, wọ́n á sì yí i po gbogbo ara písítọ̀nù láì wọ̀ ọ́ sí i. Ibi tó bá ti kọ́ jẹ́ ibi tí kábọ́nù ṣì kù, wọ́n á sì padà síbẹ̀. Bí ó bá yí dé ìparí láì dúró, tó sì rì díẹ̀ ju ojú písítọ̀nù lọ, wọ́n á fi ewé irin tí a fi ń wọn àlàfo sáàárín ríìngì àti ògiri yàrà. Bí àlàfo náà bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré, fífọ̀ kò lè ran písítọ̀nù yẹn lọ́wọ́ mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da ìkòkò ló ń lọ.