Kí ọkọ̀ ojú irin kékeré yín má baà kú sójú ọ̀nà

Bàbá kan wà ní Èbúté Mẹ́tàá tó fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Jámánì fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ránṣẹ́ sí i: ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n fi ń to wágúnù ní yáàdì, pẹ̀lú ojú irin rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìdarí. Bàbá tò ó sórí tábílì ìjẹun. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, iná iwájú tàn, fèrè dún, ẹ́ńjìnnì gbéra. Ó dé ibi tí ojú irin ti yà sí méjì, ó dúró gbagidi. Iná kú, fèrè dákẹ́. Bàbá fi ìka kan tì í díẹ̀, ó tún gbéra bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "ẹ́ńjìnnì tí èèyàn ń fi ọwọ́ tì kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Wá nǹkan ṣe sí i."

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó irú ọkọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ mi, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò. Wọ́n máa ń rò pé mọ́tọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe mọ́tọ̀.

Ọkọ̀ yìí kò ní bátìrì kankan nínú. Ara ojú irin ló ti ń gba iná: ẹsẹ̀ ọ̀tún lára irin ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lára irin òsì. Bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní dìkódà, ẹ má rò ó mọ́ ti tẹlifíṣọ̀n. Iná tó wà lójú irin ń gbé oúnjẹ wá fún dìkódà yìí, ó sì tún ń gbé ọ̀rọ̀ wá fún un. Ṣe ni iná náà ń yí láti pọ́sítíìfù sí nẹ́gétíìfù láìsinmi. Bí ìlàjì ìyípo kan bá gba nǹkan bí ìdá 58 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, dìkódà á kà á sí 1. Bí ó bá gba tó ìdá 100, á kà á sí 0. Inú òǹkà yẹn ni àṣẹ wà: ẹ́ńjìnnì nọ́ńbà 3, máa lọ, rọra, tan iná iwájú. Ará Jámánì kan, Bernd Lenz, ló ṣe ìpìlẹ̀ ètò yìí ní ìparí àwọn ọdún 1980, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ di ìlànà ní àwọn ọdún 1990. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ kan fi ń gbọ́ràn sí ẹ̀rọ ìdarí ilé iṣẹ́ mìíràn.

Dáyọ́ọ̀dù mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà dìkódà ló ń sọ iná ayípo yìí di iná tó ń lọ sí apá kan, òun ni mọ́tọ̀ ń jẹ. Tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lára irin báyìí, tàbí tí ìdọ̀tí bá wà láàárín wọn, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi ìyànà ti Bàbá, ike ni àárín ibẹ̀, ó tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ́ńjìnnì tó ní ẹsẹ̀ méjì péré ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọ̀kan wà lórí ike, tí èkejì bọ́ sórí ẹyọ ìdọ̀tí kan, iná ti já nìyẹn.

Ìdọ̀tí kò sì jìnnà sí wa l'Ékòó. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, eruku ọyẹ́ ń bà, ooru tútù inú ọ̀sà ń mú ara irin ṣú. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sórí kàpásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, ẹ nu ojú irin àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọtí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village n'Íkẹjà fi ń nu bọ́ọ̀dù, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ fi aṣọ tí kò ní fọ́nrán jáde nù ún. Ẹ má fi sáńpépà kàn án. Ojú ọgbẹ́ tí sáńpépà bá dá sí i ni ìdọ̀tí máa fi ṣe ilé.

Ẹ wo ọkọ̀ Blue Line tó ń ti Marina lọ sí Mile 2. Irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ti ń gba iná, irin kẹta yẹn sì máa ń já níbi tí ọ̀nà bá yà. Ohun tó ń gba ọkọ̀ náà là ni pé ibi tó ti ń fara kan irin náà ju ẹyọ kan lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá já, òmíràn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá gùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ló ń gba iná, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù náà máa gbà á. Ti Bàbá kò ní ẹsẹ̀ míì. Òun ni kàpásítọ̀ wà fún.

Táńkì orí òrùlé ni kàpásítọ̀. Bí omi bá ń wá, ó ń kún. Bí omi bá lọ, ilé ń mu láti inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ó ṣe máa pẹ́ tó: ẹ fi iye fóòtì tó lè lọ sílẹ̀ kí mọ́tọ̀ tó kú sọ ìwọ̀n kàpásítọ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi ámpù tí ọkọ̀ ń jẹ pín in. Ká ní ó kún dé fóòtì 14, mọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́ títí dé fóòtì 7, ọkọ̀ ń jẹ 0.2 ámpù. Fáráàdì la fi ń wọn kàpásítọ̀; 1000 µF jẹ́ fáráàdì 0.001. Kàpásítọ̀ 1000 µF á gbé e fún ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ́ńjìnnì tó ń rọra rin sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè fi ìyẹn rìn tó mílímítà 2. Ìyẹn tó láti má jẹ́ kí iná máa ṣẹ́jú àti kí fèrè má bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nítorí ẹyọ eruku. Kò lè kọjá ike ìyànà.

Kàpásítọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní sùpákàpásítọ̀ ló lè ṣe ìyẹn. Fóòtì 2.7 péré ni ẹyọ kan lè gbà, nítorí náà a máa ń to mẹ́fà tàbí méje tẹ̀lé ara wọn. Mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáráàdì 1 á di nǹkan bí fáráàdì 0.167 tó lè gba fóòtì 16.2. Nínú ìṣirò òkè yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 6, sẹ̀ǹtímítà bí 29 lórí tábílì. Èmi fẹ́ràn méje ju mẹ́fà lọ bí àyè bá wà, torí pé wọn kì í pín iná náà dọ́gba láàárín ara wọn, èyí tó bá gba ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ á sì bàjẹ́. Ẹ ra gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, irú kan náà. Ẹ má yọ ti inú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú lò. Kàpásítọ̀ tó ti gbẹ ló máa ń pọ̀ níbẹ̀, ohun tó kọ sára rẹ̀ kọ́ ni mítà máa kà.

Mo ti rí i pé bí táńkì ṣe tóbi tó ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Bí iná ṣe máa wọ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ máa béèrè. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí NEPA bá mú iná dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta: fíríìjì, pọ́ńpù omi, éésì, gbogbo ilé ládùúgbò tàn án lẹ́ẹ̀kan náà, ni fíúsì tírańsífọ́mà bá fò. Kàpásítọ̀ tó ṣófo ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú irin. Ní ìṣẹ́jú tó bá kan iná, ńṣe ló dà bí wáyà méjì tó fara kan ara wọn. Ẹ̀rọ ìdarí á rò pé ṣọ́ọ̀tì ni, á sì pa gbogbo nǹkan. Nítorí náà, résítọ̀ 100 óòmù, ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù, gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà táńkì, ní apá pọ́sítíìfù. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan kò lè fà ju 0.14 ámpù lọ láti fi kún táńkì tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, 1.4 ámpù, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìdarí lè gbé. Fún 1000 µF, résítọ̀ kékeré ti tó. Fún sùpákàpásítọ̀, ẹ lo ti wọ́ọ̀tì 1 sí 2, nítorí ó máa ń gbóná: ó gbà tó ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ kí táńkì tó kún.

Àmọ́ résítọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ dènà iná nígbà tó bá ń jáde. Àwọn púlọ́ńbà ní fáfù tó ń jẹ́ kí omi lọ sí apá kan ṣoṣo. Ti wa ni dáyọ́ọ̀dù. Ẹ so 1N4001 mọ́ ẹ̀gbẹ́ résítọ̀ náà, kí ilà funfun ara rẹ̀ kọjú sí dìkódà. Iná á gba inú résítọ̀ wọlé jẹ́jẹ́, á sì gba inú dáyọ́ọ̀dù jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ẹ máa so ó mọ́ wá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Wáyà búlúù dìkódà ni pọ́sítíìfù. Wáyà dúdú kì í ṣe nẹ́gétíìfù! Ojú irin òsì ni wáyà dúdú, bí pupa ṣe jẹ́ ojú irin ọ̀tún. Gbogbo àwa tí a kọ́ iṣẹ́ iná nílé yìí ti mọ dúdú sí nẹ́gétíìfù, ìyẹn ló kó mi sí wàhálà. Ẹ́ńjìnnì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Yábàá ni mo kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí sí, dúdú ni mo sì so ó mọ́. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára bọ́ọ̀dù, òórùn rẹ̀ gba yàrá. Mo ra dìkódà tuntun fún ọmọ náà, àmọ́ ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nẹ́gétíìfù tòótọ́ wà lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn dìkódà kan ti fa wáyà rẹ̀ jáde; fún àwọn yòókù, ẹ wo àwòrán inú ìwé tó bá a wá. Bí kò bá sí nínú ìwé, ẹ gbé e fún ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ rántí pé ilà ara kàpásítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì sábà máa ń fi ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù hàn. Bí ojú irin yín bá wà láàárín fóòtì 14 sí 16, kàpásítọ̀ ẹyọ kan bíi ti 1000 µF, tí kì í ṣe sùpákàpásítọ̀ tí a tò, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti fóòtì 25. Ẹ wọn iye fóòtì náà láàárín búlúù àti nẹ́gétíìfù, torí mítà lásán kì í ka iná ojú irin yẹn pé.

Kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí a fi ń lẹ wáyà, jó ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tún ètò CV29 ṣe. CV ni àwọn àyè onínọ́ńbà tí dìkódà ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí. Dìkódà púpọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ìgbà àtijọ́ tí kò ní àṣẹ nínú iná rẹ̀. Tí àṣẹ bá já, tí iná táńkì sì ń bá a lọ, dìkódà lè rò pé orí irú ojú irin àtijọ́ yẹn lòun wà, á sì sáré ní gbogbo agbára rẹ̀. Nọ́ńbà 4 inú CV29 ló ń fún un láyè. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wà níbẹ̀: 6 á di 2, 38 á di 34. Mo ní kí ẹ ṣe é ṣáájú nítorí pé tí kàpásítọ̀ bá ti wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìdarí kì í lè ka ètò dìkódà mọ́ lórí ojú irin ìṣètò, ìyẹn ojú irin tí a ti ń yí ètò dìkódà padà. CV11 sì wà fún bí ó ṣe máa pẹ́ tó láìgbọ́ àṣẹ kó tó dúró. Ẹ má fi í gùn jù. Ẹ́ńjìnnì tó já bọ́ sílẹ̀ kò yẹ kó máa sá lọ.

Ti Bàbá, méje ni mo tò, mo fi rọ́bà tó ń fún mọ́ wáyà wé wọn, mo sì tò wọ́n sínú wágúnù tó tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, wáyà méjì tín-ín-rín so wọ́n pọ̀. A fi í sójú irin, a dúró ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Mo gé ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ́ ẹ lé irin méjèèjì lórí, kí iná má lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ́ńjìnnì gun orí ìwé, iná iwájú kò ṣẹ́jú, fèrè kò já, ó sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Fi èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀," ó ní.

Mo gé ìwé tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó gun ún.