Òkú wo ló wà nínú mortgage?

Àwọn èèyàn wa tó ń bá wa ṣe ìwé ilé ní London, mortgage, ìyẹn owó tí báńkì yáni láti fi ra ilé, tí ilé yẹn sì jẹ́ ìdógò, ò jìnnà sẹ́nu wọn, àmọ́ tí n bá ní òkú wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó wà níbẹ̀ o. Faransé àtijọ́ ni, mort ni òkú, gage ni ohun ìdógò.

Àwọn Norman, ìyẹn àwọn ará Normandy nílẹ̀ Faransé, ló gbé e dé, wọ́n ṣẹ́gun England ní 1066, wọ́n wá gbé èdè wọn wọ kóòtù, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwa lọ́yà fi kún fún Faransé títí dòní. Ìwé kan lórí òfin England tí wọ́n ń pè ní Glanvill, nǹkan bíi 1188, Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, mortuum vadium ló pè é.

Ìdógò méjì ló wà nígbà yẹn. Tó o bá fi ilẹ̀ ẹ dógò, tẹ́ni tó yá ẹ lówó ń kórè ẹ̀, tí gbogbo ohun tó ń kó ń dín gbèsè ẹ kù, ààyè nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá ń kórè lọ tí gbèsè ò dín kọ́bọ̀, òkú nìyẹn. Àwọn tó bá mọ̀ nípa fífi oko kòkó dógò ò ní bi mí léèrè, ẹni tó yáni lówó á máa ká kòkó lọ́dọọdún, ojú owó ṣì wà níbi tó wà. Ìwọ̀fà náà ńkọ́? Gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe, èlé ni. Ní England nígbà yẹn, Ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni irú èlé bẹ́ẹ̀, kóòtù ọba ò kà á léèwọ̀ ṣá.

Ní 1628 ni Edward Coke, gbajúmọ̀ amòfin England kan, wá sọ tiẹ̀, pé tí onígbèsè ò bá san, ilẹ̀ ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, tó bá san, ìdógò ló kú mọ́ olówó lọ́wọ́. Òun làwọn èèyàn ń pín kiri, àmọ́ lójú tèmi ti Glanvill lágbára jù, ó fi ohun tó lé ní irínwó ọdún ṣáájú.

T yẹn ńkọ́, tẹ́nikẹ́ni ò pè? Morgage ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀, àfìgbà táwọn ọ̀mọ̀wé rántí Látìn tí wọ́n dá a padà.

Mortgage tòde òní tó ń dín ojú owó kù lóṣooṣù, ààyè ni ká máa pè é tá a bá fẹ́ sọ òótọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní interest-only, tó jẹ́ pé èlé nìkan lèèyàn ń san, ni òkú gan-an, wàá san án fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ojú owó á ṣì pé pérépéré, torí náà kẹ́ ẹ tó sáìn, ẹ bi báńkì pé èwo lèyí.