Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Bí Ara Odò Ṣe Le Tó

Omi odò lè mọ́ gaara lójú kí ó má sì sí ohun abẹ̀mí tó lè pẹ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni odò tí ẹrẹ̀ òjò ti sọ di pípọ́n lè kún fún ẹja àti kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣàbójútó odò kì í fi ojú lásán ṣèdájọ́. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ni kí wọ́n bu omi sínú ìgò lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n mọ iye ajílẹ̀ tó ti ṣàn wọ̀ ọ́ àti iye ọ́síjìn tó yòrò sínú rẹ̀. Omi tó bá ń gbóná kì í lè gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́: ní ìwọ̀n 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 14, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 20, nǹkan bíi 9 ni. Iye tí ọ́síjìn jẹ́ kò nítumọ̀ tó bí wọn kò bá wọn ooru omi náà pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí ìgò kò lè sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Bí wọ́n bá da omi ẹlẹ́gbin sódò lóru, tí ìṣàn sì ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí tí wọ́n bá bù lọ́sàn-án lè jáde láìlẹ́bi. Ìdin kòkòrò tó ti ń gbé abẹ́ òkúta fún oṣù púpọ̀ kò ríbi sá sí. Gbogbo ohun tó kọjá ló kọjá lára rẹ̀, bí wọn kò bá sì bá a níbi tó yẹ kó wà, ẹ̀rí nìyẹn. Orí èrò yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kolkwitz àti Marsson dúró lé ní Jámánì ní 1908 àti 1909, nígbà tí wọ́n to àwọn ohun abẹ̀mí inú omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lè fara da ìdọ̀tí tó.

Láti kó wọn, olùyẹ̀wò a máa rìn láti ìsàlẹ̀ ìṣàn lọ sókè, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rú má baà da ibi tí kò tíì dé láàmú. Yóò kọ ẹnu àwọ̀n sí ìṣàn, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ rú òkúta àti yanrìn tó wà níwájú àwọ̀n náà, kí omi lè gbá ohun tó bá tú jáde wọ inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú 3 ni wọ́n ń pín sí ibi tí omi ti ń sáré, ibi tó ti dákẹ́ àti ìdí koríko etí odò, kí wọ́n tó fi ìṣẹ́jú 1 ṣa àwọn tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á da ohun tí àwọ̀n kó sínú àwo funfun pẹrẹsẹ tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ewé jíjẹrà nìkan ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, àfi ìgbà tí omi bá rọlẹ̀ tí àwọn ohun abẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mayfly, stonefly àti caddisfly jẹ́ kòkòrò tó ń fò, tí ìdin wọn ń gbé inú omi. Ìdin mayfly sábà máa ń ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ 3, ohun tó fi ń mí sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Ti stonefly ní ìrù 2. Ọ̀pọ̀ ìdin caddisfly ń fi yanrìn tàbí ègé ewé kọ́ ilé tí wọ́n ń wọ́ kiri. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń wá jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fara da àìtó ọ́síjìn. Tanwíji kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, nítorí ojú omi ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdin pupa ti chironomid, kòkòrò tó jọ ẹ̀fọn, ní hemoglobin, irú èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tó ń bá wọn di ìwọ̀nba ọ́síjìn tó wà mú.

Lẹ́yìn náà ni máàkì. Nínú ètò BMWP tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdílé kòkòrò (ìyẹn àwọn tó bára wọn tan) tí ìdọ̀tí tètè ń pa ń gba máàkì 10, ekòló inú omi ń gba 1. Ètò SASS ti Gúúsù Áfíríkà ń lọ dé 15. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi iye ìdílé tí wọ́n rí pín in. Èsì pípín yìí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju àròpọ̀ lọ, torí ẹni tó bá pẹ́ nínú odò yóò rí ìdílé púpọ̀ sí i, àròpọ̀ rẹ̀ á sì ga láìjẹ́ pé odò náà sàn jù.

Síbẹ̀, máàkì kò lè dá dúró. Odò tó ń rọra ṣàn lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè má ní stonefly rí láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bà á jẹ́. Ètò RIVPACS, tó tún jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo àkọsílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kàn láti sọ ohun abẹ̀mí tó yẹ kó wà nínú odò tó fẹ̀ tó báyìí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí báyìí, kí wọ́n tó fi iye tó yẹ kí wọ́n rí pín iye tí wọ́n rí. Bí èsì bá súnmọ́ 1, odò náà dára. Bó bá ṣe ń lọ sí 0 ni nǹkan ń bàjẹ́.

Ẹja náà ń jẹ́rìí: ní 1981, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Karr gbé òṣùwọ̀n kan tó ní ẹ̀ka 12 jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tún ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha diatom, àwọn ohun abẹ̀mí bíntín tó ń ṣe bí ewéko, kúrò lára òkúta, kí wọ́n kà wọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Òfin omi tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2000 pín odò sí ipò 5, ẹ̀rí tó burú jù lọ nínú ti ohun abẹ̀mí àti ti omi fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu ipò. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹja tó pọ̀ bo àìsí kòkòrò mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tó dé kẹ́yìn ni wíwá DNA, ìyẹn èròjà àbùdá inú ara, tí àwọn ohun abẹ̀mí ń jù sílẹ̀ sínú omi. Ó lè fi ẹja tí àwọ̀n kò rí mú hàn, ṣùgbọ́n ìṣàn lè ti gbé e wá láti òkè réré, kì í sì í sọ bóyá ohun tó ni ín ṣì wà láàyè. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sábà máa ń lò ó pọ̀ mọ́ àwọ̀n.